Ìsinmi Ẹ̀rọ Áyọ́ọ̀nù

"Ẹ fọwọ́ sí i, ìyá wa. Ìwé kan péré ni."

Ọ̀gá ilé ìwádìí ti lẹ́tà náà síwájú obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Obìnrin náà kò fọwọ́ kan bírò. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń darí ẹ̀rọ tó ń sọ ìtànṣán áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní iná lára, lu hóró kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kí hóró náà lè fún pọ̀, kí inú rẹ̀ yọ́ pọ̀, kó sì tú agbára sílẹ̀ bíi ti inú oòrùn. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó ń pàṣẹ ìwádìí ti kúrò lára áyọ́ọ̀nù. Lésà, ìtànṣán ìmọ́lẹ̀, ni wọ́n ń fẹ́ báyìí.

"Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i lónìí kò ní àyè ní gbọ̀ngàn lésà," ni ọ̀gá wí. "Àtòun, àtẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́."

Ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni Bàbá Páǹpù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Bó bá fọwọ́ sí i, wọn yóò dá ẹ̀rọ náà dúró; bí wọ́n bá sì pa páǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ọ̀rinrin á wọlé, á bà á jẹ́ pátápátá.

Fóònù Ìyá Áyọ́ọ̀nù dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Ìyá Ìbejì, o ti fọwọ́ sí i? Gba ti lésà, jàre! Ṣé kì í ṣe iná nìyẹn náà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo wà níwájú ọ̀gá."

Ó gbàdúrà sínú: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n ṣìnà. Ó tún lẹ́tà náà kà: Láti òní lọ, kí ẹ̀rọ áyọ́ọ̀nù sinmi.

"Ọ̀gá, 'sinmi' lẹ kọ síbí?"

"Ọ̀rọ̀ tútù ni mo lò. Ẹnu mi ò gbà á láti ní kí ẹ pa á."

Bàbá Páǹpù wúkọ́. Nídìí ẹ̀rọ náà, bí wọ́n bá ní ó sinmi, ìtànṣán nìkan ni wọ́n ń pa. Páǹpù kì í sùn. Ọ́fíìsì ni ọ̀gá ti wá, kò mọ̀.

"Ó dáa," ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí. "Màá jẹ́ kó sinmi bí a ṣe máa ń jẹ́ kó sinmi."

"Ẹ ṣeun, ìyá wa."

Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá páǹpù, Bàbá Páǹpù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́!" Ó gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lẹ́. "Afẹ́fẹ́-ò-rójú-wọlé! Òfìfo inú rẹ ju ikùn ẹni tébi ń pa lọ!"

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìyá wa, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta la gbọ́dọ̀ máa wò ó. Bí gbogbo wa bá kó lọ sídìí lésà, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ń ru páálí kọjá lọ sí gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Obìnrin náà wò wọ́n títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá.

"Ẹ̀yin ẹ máa bá wọn lọ, bàbá. Àyè yín ti wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ó fa àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri tí ọwọ́ òṣùwọ̀n páǹpù ti ń gbọ̀n.

"Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́. Eruku ń wọlé."