Ìrìn Dé Ìdí Àmì

Lọ́jọ́ tí Aili Maki, akápò ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, kéde pé owó ẹgbẹ́ ti di irinwó dọ́là lọ́dún, ẹ̀gbọ́n mi Reino dìde nínú ìpàdé. Ó dé fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo débi ẹnu ọ̀nà ilé mi báyìí, fóònù ti ń dún.

"Rudi, mi ò san án o."

"Bùọ̀dá, ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bọ́ bàtà."

"Bọ́ bàtà ẹ. Mi ò san án. Irinwó dọ́là, kí n wá máa yìnbọn sí òkìtì erùpẹ̀? Wọ́n ti ṣí ilé ìyìnbọn tuntun ní ìlú Marquette. Abẹ́ òrùlé ni, ó móoru, ìlàjì owó yẹn ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà. A máa lọ wò ó lọ́jọ́ Ẹtì."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dágbére lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti tán, ó tán nìyẹn.

Ká sọ tòótọ́, owó náà pọ̀. Òkìtì ńlá tó wà lẹ́yìn àwọn àmì tí à ń yìnbọn sí, tó ń gba ọta dúró, ti ya lulẹ̀ nígbà tí yìnyín yọ́. Bí a kò bá fi owó náà tún un mọ, ọta lè fò kọjá lọ bá ọmọ ọlọ́mọ lójú títì, kò sì sẹ́ni tó lè bá ẹgbẹ́ jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà, Reino náà ti fẹ̀yìn tì, àgbọ̀nrín kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń pa lọ́dún, tí a bá rí i pa.

Verna, ìyàwó mi, ti bá wa ṣírò rẹ̀ kí n tó rí àga jókòó. "Irinwó tìẹ, irinwó ti Reino. Ẹ lọ ra màlúù. Màlúù ò ní sá fún yín."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran."

"Ọ̀rọ̀ kí ni nígbà yẹn?"

Mo ní kọfí ni mo fẹ́ mu. Mo mọ ohun tó jẹ́, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́. Gbogbo ayé yìí, ibì kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀, pápá ìyìnbọn ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Bí a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, a ó máa rí ara wa ni, ṣùgbọ́n mo ti pàdánù rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìdílé Kangas yóò rò pé mò ń bú wa. Reino máa ń wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Verna a gbé búrẹ́dì dídùn kalẹ̀, Reino a jẹ ẹ́, a ní ó dáa, a wá kọjú sí fèrèsé. Èmi náà a kọjú sí fèrèsé. Verna ní bí ẹni pé òun gba òkúta méjì lálejò. Bí a bá jọ wọ sáúnà, yàrá olóoru tí à ń da omi sí òkúta gbígbóná nínú ẹ̀, "da omi sí i" nìkan lọ̀rọ̀ tó ń jáde. Bàbá wa ló bí wa bẹ́ẹ̀. Bàbá lè ti ibi ìwakùsà dé, kó jẹun, kó sùn, kó má sọ ju "iyọ̀ dà?" lọ.

Ṣùgbọ́n bó bá di Sátidé, Bàbá a kó wa lọ síbi ìyìnbọn. A ó jókòó sídìí tábìlì, a ó yìn ín títí alábòójútó yóò fi ké pé, "Ìlà ti tutù." Ká ti gbọ́ ìyẹn, kálukú a tú ọta kúrò nínú ìbọn, a fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ní ṣíṣí, a sún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn mọ́ títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi lọ wo páálí tó yìnbọn sí, tí yóò sì padà dé. Bí ìbọn bá ti wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ la ó wá máa rìn lórí koríko, ọgọ́rùn-ún yáàdì, lọ sí ìdí àmì. Iwájú lojú gbogbo wa ń wò, ẹnì kan kì í wo ojú ẹnì kejì. Ibẹ̀ lẹnu Bàbá ti máa ń là.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún wa pé àìsàn ìyá wa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wò sàn. Ibẹ̀ ni Reino, ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ti sọ pé ìjọba ti pe òun sógun. Bàbá rìn dé ìdí àmì, ó ń fi ìka tọ́ ihò ọta Reino lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "O mọ̀ ọ́n yìn. Rí i pé o padà wálé." Láyé mi, mi ò gbọ́ kí Bàbá sọ ohun tó jọ ìfẹ́ ju ìyẹn lọ.

Reino padà wálé. Nígbà tí Bàbá kú, àwa méjèèjì ń bá ìrìn náà lọ. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ Verna.

"Ṣé o ti mu kọfí ẹ̀ rí?" ló bi mí.

"Mo ti mu ún."

"O sì tún fẹ́ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ó ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ìdí àmì, mi ò sì rí àdúrà ìgbéyàwó tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn. Nígbà tí Helmi ìyàwó tirẹ̀ kú, kò sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sunkún létí sàárè. Orí koríko yẹn ló ti sunkún, tí òun ń rìn, tí èmi náà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ mí, àtèyí tó dùn àtèyí tó korò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a lọ sí Marquette. Ibẹ̀ mọ́, ó móoru, kọfí ọ̀fẹ́ wà, ó sì dùn ju ti Verna lọ, ẹ má sọ fún un. Wọ́n fún kálukú ní àyè tirẹ̀, ògiri wà láàárín. Ẹ ó tẹ bọ́tìnì kan, páálí yín a gba orí wáyà lọ sọ́hùn-ún. Ẹ ó tún un tẹ̀, páálí a sáré padà wá bá yín bí ajá tí a pè. Kò sẹ́ni tó ń lọ síwájú, nítorí náà ìlà kì í tutù. Ìbọn ń dún láìdáwọ́ dúró, a dí etí wa, a yìn ín tán, a kó ẹrù wa. "Ó dáa," ni Reino sọ fún ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Òun ló wa ọkọ̀ padà. Ó tan rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí yìnyín. A ti rìn jìnnà kí n tó lè la ẹnu.

"Bùọ̀dá, ibẹ̀ yẹn ò wù mí."

"Kí ló ṣe é? Ṣebí o yìn ín dáadáa."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò rí páálí mi."

"Ògiri wà láàárín wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i?"

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Ó pa rédíò. "Rudi, ṣé o rò pé owó ni?"

"Ẹ ní irinwó dọ́là ti pọ̀ jù."

"Ta ni mò ń kó owó pamọ́ fún? Orúnkún mi ni." Ojú títì ló kọjú sí, kò wò mí. "Nígbà tí ọdẹ àgbọ̀nrín kù sí dẹ̀dẹ̀, tí èrò kún ibẹ̀, wọ́n ní ìlà ti tutù. Gbogbo ènìyàn ti lọ, wọ́n ti bọ̀, èmi ṣì wà láàárín pápá tí mò ń wọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n tò sẹ́yìn tábìlì, wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó tún yá, ọ̀kan nínú wọn bá mi sáré lọ mú páálí mi wá. Ọmọ dáadáa ni. Ó gbé e fún mi bí ẹni gbé oúnjẹ fún aláìsàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò fẹ́ tún irú ọpẹ́ yẹn dá mọ́."

Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Ọjọ́ tó sọ yẹn, ọ̀fìnkìn ló dá mi dúró sílé. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní pápá ẹgbẹ́ wa," ni mo wí. "Ìlà tibẹ̀ dá yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró dè wá."

"Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé? Níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí agolo ẹ̀wà?" Ó pòṣé. "Bí Helmi bá gbọ́, á rẹ́rìn-ín títí á fi ṣubú."

"Ẹ jẹ́ kó ṣubú."

Ó tún rédíò tàn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Sátidé ni ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé kẹ́yìn. Verna rí mi tí mò ń wọ ẹ̀wù òtútù, ó ní, "O fẹ́ lọ san án." Mo bá jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí Bàbá dórí orúnkún.

"Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?" ló wí. "Èmi jókòó, mò ń bá ọ ṣírò màlúù." Ó bá mi fa kọ́là ẹ̀wù mi tọ́. "Bí òun ò bá wá ńkọ́?"

"Màá máa dá rìn."

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kí n san irinwó dọ́là kí n lè dá rìn lọ wo ihò lára páálí, kò tó bẹ́ẹ̀. Bí Reino kò bá wá, mo máa fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

"Ẹnì kan ni àbí ẹni méjì?" ni Aili bi mí nígbà tí mo dé ilé ẹgbẹ́. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Mo ra pásítì, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí ẹran wà nínú ẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ń san owó, wọ́n ń lọ. Aili ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ọkọ̀ Reino tó dúró síta. Ó wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, ìbọn kékeré kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, irú èyí tí a fi ń kọ́ ọmọdé. Kò kí mi.

"Aili, ẹni tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ló ti fẹ́ máa yìn ín, ṣé ẹ máa ń dín owó ẹ̀ kù?"

"Rárá o. Iye kan náà ni."

"Olè ni gbogbo yín." Ó san án. Èmi náà san tèmi kó tó yí ọkàn padà.

Kò sẹ́ni kankan níbi yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. A jọ ń gba ìbọn kékeré náà lọ́wọ́ ara wa yìn. Nígbà tó tó, Reino fúnra rẹ̀ ló ké e pé, "Ìlà ti tutù," ó sì gbé ìbọn kalẹ̀ ní ṣíṣí. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kí n tó wá ohun tí mo máa sọ, a ti débẹ̀.

Ó wo páálí mi. "O ń fà á sọ́tùn-ún."

"Mo mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tán. Mo rò ó pé owó wa ti wọgbó, pé ìrìn yìí ti kúrú jù fún ẹnu ọmọ Kangas láti là. Mo ti yí padà, mo fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n Reino kò kúrò níbẹ̀. Ó fara ti igi tí wọ́n kan páálí mọ́.

"Dókítà ní àwọn máa pààrọ̀ orúnkún yìí," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo máa bá yín lọ."

"Mo mọ̀." Ó ń fi ìka tọ́ àwọn ihò ọta mi. "Rudi, kí ẹsẹ̀ yìí tó bàjẹ́ rárá ni mo ti máa ń rọra rìn."

"Èéṣe?"

"Ìwọ máa ń yára ni. Bí mo bá bá ọ yára, a máa tètè dé ìdí àmì, wàá sì dákẹ́."

Mo padà lọ fara ti igi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbọn kékeré wà lórí tábìlì lẹ́yìn wa, a kò sì padà lọ bá a títí Aili fi wá wí fún wa pé òun fẹ́ ti géètì.