Àwọn Pupa Kéékèèké Tó Gba Àga Baba Zacchaeus

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A ti ń pa òwe yìí fún ara wa tipẹ́ ní agbo ilé wa ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fẹ́ jẹ iṣu tuntun, tí fọ́tò kan gba àga mọ́ Baba Zacchaeus nídìí, ni Olúwa tó jẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ yé wa.

Àga náà kì í ṣe àga ńlá. Apá rẹ̀ kan ti yẹ̀, wáyà ni wọ́n fi so ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà jù nínú agbo ilé ló ń jókòó sórí rẹ̀, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ tọ́ iṣu tuntun wò. Bí kò bá tíì tọ́ ọ wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ìbáà jẹ́ gómìnà. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n Baba Zacchaeus ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa ni àga ti kàn án. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, etí ọ̀tún nìkan ló kù tó ń gbọ́ràn. Kò sẹ́ni tó tún ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ láti ọdún dé ọdún, àfi lọ́jọ́ iṣu tuntun. Ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo ilé máa ń dákẹ́, tí wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀.

Ẹwàolúwa, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì tó wà ní Àkùngbá, ló gbé fọ́tò ọ̀hún wá. Baba ló bi í nígbà ọdún Àjíǹde pé, "Kí gan-an lẹ ń kọ́ níbẹ̀ yẹn?" Ọmọ náà ní òun kò lè fẹnu sọ ọ́ tán, òun á mú un wá kí Baba fojú ara rẹ̀ rí i. Fọ́tò ojú ọ̀run ni, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn ló yà á. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ bá Mujeeb tó ń ṣe férémù ní Ìkàrẹ́.

Mujeeb mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo férémù ńlá tó ń ṣe, ti àgbàlagbà ni. Bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ìbí, a jẹ́ ti òkú. Kì í sì í jẹ́ kí férémù jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun láìní ọjọ́ orí nísàlẹ̀. Ó wo fọ́tò náà títí: òkùnkùn biribiri, àmì pupa tín-tìn-tín níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ẹni ta epo sára aṣọ ọ̀fọ̀.

"Àǹtí, àwọn wo nìyí?"

"A ò tíì mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n, ẹ wá ń ṣe férémù fún wọn? Ẹ kú inú rere o. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Bíi bílíọ̀nù mẹ́tàlá."

Mujeeb kò rẹ́rìn-ín. "Alihamudulilahi," ló wí, "ẹ̀mí gígùn ni." Ó sì fi àwọ̀ wúrà kọ ọ́ sísàlẹ̀: BÍLÍỌ̀NÙ ỌDÚN MẸ́TÀLÁ LÓKÈ EÈPẸ̀.

Nígbà tí Ẹwàolúwa wọlé, iyán ti wà nílẹ̀, ó ń yọ èéfín. Ó tú férémù nínú aṣọ tó fi wé e, ó wá ibi tí yóò gbé e sí. Baba dìde nítorí ojú rẹ̀, ó ní kó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà náà ni àga. Ọmọ gbé e síbẹ̀.

Clement, àbúrò Baba, tí wọ́n ti jọ ń bára wọn jà látorí ọmú ìyá wọn, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ohun tí Mujeeb kọ. Ó nà tọ́ọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Ẹ má jókòó."

"Kí ló wà lórí àga?"

"Àgbà ló wà lórí àga. Bílíọ̀nù mẹ́tàlá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Clement, fọ́tò lo gbé bá mi díje?"

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ní kí n bá yín tọ́ ọ wò nítorí eyín yín, pé ẹni tó bá fi oṣù kan juni lọ ti juni lọ náà nìyẹn?"

"Ṣé fọ́tò máa jẹ iyán ni?"

"Kò ní eyín. Èmi tí mo kọ́kọ́ dá a mọ̀ ni màá bá a jẹ ẹ́."

Ẹnu Ọ̀kà ló fi sọ ọ́ o, ó wá tún un sọ ní Yorùbá kí àwa ìyàwó ilé má bàa ní a ò gbọ́. Ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọjọ́ orí kì í ṣe ọmọ ẹnìkan. Àwọn kan ní iyán ń tutù. Níkẹyìn wọ́n ní bí àgbà bá gorí àga, a gbọ́dọ̀ kì í, wọ́n sì ké sí Mọ́júbọ́lá, ìyálé wa, tí wọ́n bí ní Etioro tòun ti oríkì lẹ́nu. Mọ́júbọ́lá kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò, ó la ẹnu, ó tún un pa dé.

"Ẹ dákun, ọmọ ta ni wọ́n? Mi ò lè ki ẹni tí mi ò mọ baba rẹ̀."

"Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jà lé lórí nìyẹn, mà," ni Ẹwàolúwa wí. "Àwọn kan ní ìràwọ̀ ni wọ́n, tó fún mọ́ra bí èrò ọjà Ìkàrẹ́. Àwọn mìíràn ní rárá, ihò dúdú kan ló wà láàrin, tó ń gbé ohun gbogbo mì, tó fi gáàsì bora bí aṣọ. Wọ́n ní aṣọ ló pupa, ara kò pupa."

"Kí n ṣáà mọ èyí tí mò ń kúnlẹ̀ fún. Ṣé èrò ni àbí ẹnìkan? Ṣé ọba ni àbí wọ̀bìà?"

"A ò mọ̀, mà."

Mọ́júbọ́lá mí kanlẹ̀, ó gbé e:

"Apọ́nbéporẹ́,
ọmọ a-daṣọ-bora-má-jẹ̀ẹ́-ká-mọ-tinú.
Bí ẹ bá jẹ́ ogunlọ́gọ̀, mo kí yín lógunlọ́gọ̀.
Bó o bá jẹ́ ẹyọ kan,
ẹyọ kan tó gbé ìràwọ̀ mì tí kò gbin,
ọmọ ẹni tá ò mọ̀ níbi tá ò dé,
jọ̀wọ́ má gbé iyán wa mì."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Clement ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún férémù. Baba Zacchaeus wà lórí ìdúró, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá: kò sẹ́ni tó rántí fi àpótí lọ̀ ọ́.

Àfi bó ṣe yí etí ọ̀tún síwájú.

"Ẹwàolúwa. O ní aṣọ ni wọ́n fi bora?"

"Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ihò ni bá jẹ́ òótọ́, Baba."

"Aṣọ náà ti gbó? Ó ti fàya níbì kan?"

"Rárá o. Ó nípọn gan-an ni. Wọ́n ní ó jọ pé ihò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni, kò tíì rí aṣọ náà jẹ tán."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí ni?"

"Ń dàgbà, Baba. Ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò yìí, ìgbà tí wọ́n wà ní kékeré ló ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà ló jìn. Bílíọ̀nù mẹ́tàlá yẹn, ìrìn àjò ìmọ́lẹ̀ ló gba gbogbo rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń wò wọ́n yìí, jòjòló ni wọ́n."

Baba gbé ọ̀pá sókè.

"Clement! Ọmọ ìkókó lo ṣí fìlà fún! Aṣọ wà, àkísà kò sí!"

"Bílíọ̀nù mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n!"

"Fọ́tò ìgbà tí ìyá wa pọ̀n ọ́ wà ní yàrá mi, tí ikun ń ṣàn wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti yà á. Ṣé ká lọ gbé òun náà wá sórí àga?"

Ẹ̀rín bú. Clement dé fìlà padà, ó yí i gbé iwájú sẹ́yìn. Mọ́júbọ́lá dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún: "Ẹ gbà mí o, mo ki ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ!" Ló bá gbé férémù kúrò lórí àga, ó gbé e lé itan, ó fi oyin díẹ̀ kan gíláàsì rẹ̀, pé adùn ni wọn yóò máa bá láyé. Baba jókòó. Ó gbàdúrà, àdúrà náà gùn ju ti èṣí lọ. Ó tọ́ iyán wò, a sì dáwọ́ bò ó.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ẹwàolúwa fẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún Baba.

"Baba, ó ku ibì kan tí mi ò sọ. Fọ́tò ni ọmọdé o. Àwọn fúnra wọn, níbi tí wọ́n wà lónìí, bí wọ́n bá ṣì wà, wọ́n ti dàgbà. Wọ́n dàgbà ju ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí lọ."

Òkèlè dúró lẹ́nu Baba. Ó wo Clement lọ́hùn-ún, tó ń fi ìka nu àwo ọbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé apá àga, ibi tí wáyà wà.

"Ẹwàolúwa, ọmọ mi," ló wí, "jọ̀wọ́, má sọ ìyẹn fún Clement."