Owó Tí Àsúmáù Fi Sílẹ̀

Nígbà tí Àsúmáù wà láyé, kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí Peckham nílùú òyìnbó ni ó ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ fọ ọ́fíìsì ní Lewisham. Owó iṣẹ́ náà kò wọ ọbẹ̀ rí. Ti yunifásítì Rahmah, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ rẹ̀ bí, ni. Ìjọba a máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ṣùgbọ́n èlé wà lórí rẹ̀, Àsúmáù sì ti ní ọmọ òun kò ní fi owó èlé kàwé. Orí ibùsùn ikú ni ó ti gba ìlérí náà lẹ́nu ọmọ, àti lẹ́nu Sàká ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín ni Rahmah gbé fọ́ọ̀mù ìjọba wá. Sàká ní kí ó gbé e kúrò níwájú òun. Owó tí òkú fi sílẹ̀ ni ó fi san ọdún àkọ́kọ́, kò dín kọ́bọ̀.

Nígbà tí ọdún kejì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí owó kò tó mọ́, bàbá àti ọmọ lọ bá Bethany, obìnrin tó ń rí sí owó akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Bethany rọra ṣàlàyé pé ká ní wọ́n ti kún fọ́ọ̀mù ìjọba ni, ilé ẹ̀kọ́ ìbá ti máa san ìdajì fún ọmọ aláìní lọ́dọọdún. Owó ìyá rẹ̀ ìbá sì gbé ìyókù dé òpin. Fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye tó ń wọlé fún òbí. Ènìyàn lè kún un kó má yá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kún un lọ́dún àkọ́kọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Sàká béèrè bóyá wọ́n lè ro ti ọ̀fọ̀ mọ́ ọn. Wọn kò lè rò ó.

Nígbà tí wọ́n délé, Rahmah ní, “Daddy, ṣebí mo try láti sọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹ ní kí n má dárúkọ èlé nínú ilé tí aṣọ Mummy ò tíì kúrò lórí okùn.”

Sàká fèsì:

“Yá owó náà. Kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi.”

“Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣèlérí fún, Daddy.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Sàká ń ṣe àlùwàlá nígbà tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn rọra padé. Ẹ̀wù iṣẹ́ Àsúmáù kò sí níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí mọ́. Ó yọjú lójú fèrèsé: Rahmah ló wọ̀ ọ́, ó dúró ní ibùdókọ̀, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì Lewisham.

Sàká parí àlùwàlá, ó bọ́ sórí ẹní ìrun. Ó kírun tán, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, kò sì mọ ohun tí yóò tọrọ mọ́.