Alántakùn Inú Àpótí Lábọ̀dé

Bọ́sẹ̀dé kì í bẹ̀rù ọ̀rọ̀. Ní ilé-ìwé tó ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní Ìlọ́fà, bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ariwo á wọlẹ̀ ṣin. Ìyẹn ni kò fi mikàn lọ́jọ́ tí Jonah, àbúrò bàbá rẹ̀, ní kí ó dáná sun ogún tó kàn án.

Ogún náà kò ju àpótí páànù kan lọ, èyí tí Lábọ̀dé, bàbá bàbá rẹ̀, gbé ti ogun Bọ́mà bọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mẹ́dàlì méjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí kan tó ti dípẹtà, àti ègé aṣọ róbótó aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi òwú dúdú rán alántakùn sí láàrin.

"Àmì awo nìyẹn," ni Jonah wí. Aládùúrà gidi ni, kò fẹ́ ohun àjèjì nínú ilé wọn ní Ọ̀sì. "Bàbá mi ò sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kankan títí ó fi kú. Ohun tó bá dáa, ṣé wọ́n máa ń fi pamọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá," Bọ́sẹ̀dé dáhùn. "Awo wo lòyìnbó ń fún ní mẹ́dàlì? Ẹ fún mi láyè kí n wádìí ẹ̀."

"Kí lo fẹ́ wádìí? Aláàárù ni. Orí ló fi ń ru ẹrù àwọn tó ń jà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Bọ́sẹ̀dé ya fọ́tò aṣọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà lórí fóònù rẹ̀. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní kó yáa gbàdúrà. Kò dá ìkankan lóhùn. Nígbà tó yá, Ahmad, tíṣà kan ní Òkè-Òpin, kọ̀wé sí i pé irú alántakùn bẹ́ẹ̀ wà lápá aṣọ bàbá òun àgbà nínú fọ́tò tó wà lára ògiri wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Bọ́sẹ̀dé fi wọkọ̀.

Ìyá àgbà Ahmad, Àlájà Badirat, ló gbà á lálejò. Lóòótọ́, alántakùn wà lápá aṣọ Issa, ọkọ rẹ̀, nínú fọ́tò náà.

"Àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn ni," Àlájà wí. "Gbogbo wọn ló ń lò ó."

Bọ́sẹ̀dé mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, kò dárúkọ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó kàn ní, "Ìyá, kí ni ọkọ yín máa ń sọ nípa ogun ọ̀hún?"

"Ìtàn kan náà ni. Ìbọn ba ọkọ mi lẹ́sẹ̀ nínú igbó tí ọkọ̀ kò lè dé. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí àwọn yòókù máa lọ. Ni aláàárù kan bá sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ. Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. Aláàárù náà ní, 'Ẹrù lẹ ní kí n wá rù. Èyí ni mo rù.' Ó pọ̀n ọ́n gun òkè, ó pọ̀n ọ́n la odò, títí ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọn ò tún fojú kanra wọn mọ́. Lábọ̀dé lórúkọ rẹ̀. Ọkọ mi wá a lọ sí Ọ̀sì lẹ́yìn ogun, wọ́n ní kò tíì padà. Ó gbà pé ó ti kú."

Omijé bọ́ lójú Bọ́sẹ̀dé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ó padà, Ìyá. Jọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jókòó sí, nídìí iṣẹ́ ìwakùsà, kó tó wálé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí."

Àlájà dìde, ó dì mọ́ ọn, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sí Ọ̀sì. Bọ́sẹ̀dé ti ròyìn fún Jonah; òun fúnra rẹ̀ ló to àga sábẹ́ igi máńgòrò. Níbi ibojì Lábọ̀dé, nítòsí igi náà, Ahmad ṣàdúrà, Jonah náà ṣàdúrà, oníkálukú sì ṣe àmín sí ti ẹnì kejì. Àlájà sọ ohun tí Lábọ̀dé ṣe lójú ogun, ó wá kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yìn ọkùnrin yìí ni gbogbo yín gbà wá sáyé."

 Jonah fa àga rẹ̀ sún mọ́ Àlájà.

"Kí ni Bàbá mi sọ fún ọ̀gá yẹn, Ìyá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Àlájà tún un sọ.