Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Tàka

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì ni Ọlọ́run rán Moríyọ̀ sí mi. Mo dúpẹ́ gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, ohun tí mo sọ nínú ara mi kì í ṣe ọpẹ́. Ọmọ Ìlaròó ni. Yunifásítì ló wá kà ní Àjàṣẹ́ níbí, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ń kọ́. Ó kù kó fi oṣù díẹ̀ kọ́ni lábẹ́ olùkọ́ àgbà, kí àwọn alábẹ̀wò wá wo bó ṣe ń kọ́ni, kó tó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Gèésì ni èmi ń kọ́ni, Gèésì náà lòun fẹ́ máa kọ́ni, ni wọ́n bá fà á lé mi lọ́wọ́.

Bó ṣe wọlé báyìí, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Dìde, ìyá mi. Bí àwọn wọ̀nyí bá rí ọ lórí ìkúnlẹ̀, wọn á gùn ọ́ lẹ́ṣin."

Sísíẹ̀mù ni kíláàsì náà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama. Wọ́n lé ní ọgọ́ta lábẹ́ páànù tó ń yan èèyàn bí àgbàdo, ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Ìdánwò ni wọ́n ń kọ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni Moríyọ̀ ò fi gbọ́ ariwo wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Dowa, ẹsẹ̀ mi sì wú gọngọ. Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, a máa wẹ̀yìn. Èmi náà wẹ̀yìn, mi ò rí ẹlòmíì tí mo máa fi kíláàsì lé lọ́wọ́ bí kò ṣe Moríyọ̀.

Ọmọ dáadáa ni. Bó bá ti jáde nílé-ìwé, ó di ọ̀dọ̀ mi. Á fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ mi, á wá máa ròyìn. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Mà, ẹ̀kọ́ ò sí lára àwọn ọmọ yẹn rárá." Lọ́sẹ̀ kejì ó ní, "Mà, wọ́n ti rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ." Inú mi dùn. Mo ní èmi tí mo ti ń kọ́ni láti ìgbà èwe mi, abẹ́rẹ́ ò bọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì mi kí n gbọ́ ọ rí. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń ro èèyàn kì í jẹ́ kó ronú jìnnà.

Nígbà tí mo padà, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn alábẹ̀wò dé. Mo tiro wọ kíláàsì, mo jókòó sẹ́yìn. Moríyọ̀ béèrè ìbéèrè tó rọrùn jù láyé. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún béèrè. Gbogbo wọn ń wo orí tábìlì. Ó wá pe ọmọkùnrin kan lórúkọ, ìyẹn dìde, ó dáhùn wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè, ó sì jókòó.

Mo béèrè pé, "Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà ìsinmi, mo pe Kafilath. Ọmọ Nàgó bíi tèmi ni, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tábìlì iwájú ló máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ni mo ti rí i.

"Kí lo ń wá lẹ́yìn?"

"Màdámù kékeré ló ní kí n lọ jókòó síbẹ̀. Mo tàka."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nílé-ìwé wa níbí, ọmọ tó bá mọ ìdáhùn kì í na ọwọ́ lásán. Á na án, á máa tàka, pá, pá, pá, á máa ké pé, "Mùá, Màdámù! Mùá!" ìyẹn "èmi" ní Faransé, kí o lè pe òun, kí o má pe ẹlòmíì. Ó ti mọ́ mi létí débi pé mi ò gbọ́ ọ mọ́, mi ò sì rántí sọ ọ́ fún àlejò. Kafilath ti na ìka dé ojú Moríyọ̀ lọ́jọ́ kejì tí ìyẹn gba kíláàsì, ó ń ta á. Moríyọ̀ ní, "Ta lò ń tàka sí? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?" Ó ní kó kúnlẹ̀ títí agogo fi lù, ó sì lé e lọ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ọwọ́ kankan ò gbéra sókè mọ́ ní sísíẹ̀mù.

Mo pe Moríyọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní, "Ní Ìlaròó, kí lẹ máa ń pe ọmọ tó na ìka sí àgbà lójú, tó ń ta á?"

"Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, mà."

"Níbí, ọmọ tó mọ ìdáhùn ni."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó jókòó sílẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, ó sì bú sẹ́kún. "Mà, kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"O ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbọ́ràn."

Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Kíláàsì tí kò fọhùn ò lè gbà á là lọ́wọ́ àwọn alábẹ̀wò. Bí kò bá sì yege, ọdún kan gbáko ló máa tún ṣe, ó sì ti sọ fún mi pé òun ò ní í tún un. Ilé lòun ń lọ, òun á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ni nítorí pé wọn ò ríṣẹ́ mìíràn. Èyí ń kọ́ni nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó bẹ àwọn ọmọ. Ó ní òun ò mọ̀ ni, ó ní kí wọ́n máa tàka bó ṣe wù wọ́n, ó sì dá Kafilath padà sí tábìlì iwájú. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdámù," gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì káwọ́ sórí tábìlì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọjọ́ pé. Àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta jókòó sẹ́yìn. Augustin ni olórí wọn, ọkùnrin gbígbẹ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń ṣàdúrà lábẹ́ ìborùn. Moríyọ̀ ti ra èso láti ọjà Wàndó. Ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sókè, ó béèrè orúkọ rẹ̀ ní Gèésì. Ọmọ tó ń mu ọmú mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó gbé ọsàn. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Augustin ń kọ̀wé, bírò rẹ̀ nìkan la ń gbọ́.

Moríyọ̀ fi ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀. "Kafilath, bọ́ síwájú. Ìwọ ni Màdámù." Òun fúnra rẹ̀ lọ fún ara rẹ̀ mọ́ àyè ọmọ náà, orúnkún rẹ̀ ń gbá tábìlì. Augustin gbójú sókè.

Kafilath fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà sókè, ó béèrè bí Moríyọ̀ ṣe béèrè. Moríyọ̀ na ọwọ́ sójú rẹ̀ gan-an, ó sì ń tàka, pá, pá, pá. "Mùá, Màdámù! Mùá!"

Kafilath wò ó. Ó sì fi ohùn Moríyọ̀ gan-an sọ ọ́: "Ta lò ń tàka sí? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?"

Gbogbo kíláàsì mí èémí sínú.

Moríyọ̀ ò gbọ́wọ́ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màdámù. Mo mọ̀ ọ́n ni. Ó ń yún mi lẹ́nu."

Kafilath ronú sí i. Ó wá rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ hàn. Ó ní, "Mi ò pè ọ́. Imrane ni mo pè."

Ẹ̀rín tó bẹ́! Lẹ́yìn ẹ̀rín, ìka. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n ń tàka, wọ́n ń dìde, wọ́n ń ké "Mùá! Mùá!" Mi ò mọ̀ pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn lẹ́kún. Moríyọ̀ padà síwájú, ó sì kọ́ wọn títí agogo fi lù.

Lẹ́yìn náà ni Augustin bi í pé kí ló dé tó fi àyè olùkọ́ sílẹ̀. Moríyọ̀ ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀." Augustin ní ariwo kíláàsì náà pọ̀ jù. Ó sì fún un ní máàkì gíga tí mi ò rí kó fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí.

Nígbà tí ọdún parí, dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, pe gbogbo wa jọ láti dágbére fún mi. Moríyọ̀ wà lẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni, àpò rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ tó máa gbé e kọjá ẹnubodè padà sí Ìlaròó ń dúró dè é. Dìrẹ́tọ̀ yìn mí títí, ó wá ní, "Ta ló máa gba sísíẹ̀mù Màdámù Kadidjatou?" Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Gbogbo wọn mọ páànù yẹn, gbogbo wọn mọ àwọn ọmọ yẹn. Mo tẹ orí ba. Ó dùn mí pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wọn.

Ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Pá, pá, pá.

"Mùá, Mùsíọ̀! Mùá!"

Dìrẹ́tọ̀ yíjú padà, ó fẹ́ mọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó ń tàka sí òun. Mo ti ń nu ojú, mi ò lè sọ nǹkan kan ju pé kó pè é.