Dẹ́rẹ́bà Tó Ní Òun Ò Mọ̀wé Kọ

Ọdún méjìlá ni dẹ́rẹ́bà fi gbé alága ìjọba ìbílẹ̀ kiri, gbogbo ibi tí wọ́n bá yà ló sì ń kọ sínú ìwé mọ́tò. Alága búra fún olùwádìí ìjọba pé òun kò dé ilé kọngílá tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun rí. Ìwé ní wọ́n dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún.

Àbúrò dẹ́rẹ́bà ni alága fi ṣaya. Láàárọ̀ yìí, ẹni tí kì í pè é ju "ìwọ" lọ pè é ní ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀wé kọ. Tí mo bá wó, orí àbúrò yín ni màá wó lé."

"Bàbá, ta ló kọ èyí?" olùwádìí bi dẹ́rẹ́bà ní ọ́fíìsì rẹ̀, pẹ̀lú ìwé mọ́tò lọ́wọ́.

"Èmi kẹ̀? Ìka ni mo máa ń tẹ̀, ọ̀gá."

"Ìka yín mà mọ̀wé o!" Olùwádìí ní kí wọ́n gbé ìwé géètì wá, èyí tí àwọn àlejò ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé.

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà ń wọlé, ó ti gba bíírò lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ó wo aago, ó sì kọ sínú rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe mọ́ ọn lára: "Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje. Láti ilé alága."

Ìwé méjèèjì wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún àbúrò mi."