Àlùwàlá Bàbá ní Wọ́ọ̀dù

Ìfun Bàbá mi, Alhaji Jùbrílù tó ń ta aṣọ l'Òwu, lọ́ mọ́ra lọ́dún 1984, wọ́n sì la ikùn rẹ̀ ní ọsibítù l'Abẹ́òkúta láti tún un ṣe. Àwa la ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà lò, àwa la ra bándéèjì. Orí ẹní lèmi, Bùsírátù, àti Ìyá ń sùn ní kọ́rídọ̀. Èyí tó dùn wá jù ni ètè Bàbá tó gbẹ, nítorí Dókítà Adébímpé ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan omi títí yóò fi só.

"Kí ló kan isó nínú èyí?" Ìyá bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń ti okùn wọ ìdí ṣòkòtò? Ẹ ó fún aṣọ jọ, ẹ ó tú u sílẹ̀, okùn á máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun ṣe ń ti oúnjẹ láti àpòlúkù lọ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ti mú kó sùn. Tó bá jí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde. Bí kò bá jáde di àárọ̀ ọ̀la, ó lè jẹ́ pé nǹkan ṣì dí i. A lè ní láti tún ikùn là."

Ìyá ní ká má sọ fún Bàbá, kí ẹ̀rù má bà á. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́, àfi òun. Láwàlì, tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ní, "Èmi ń só lójoojúmọ́, Dókítà. Ẹ bá wọn kọ tèmi sílẹ̀."

Bí nọ́ọ̀sì bá bi Bàbá pé ṣé ó ti só, á dáhùn pẹ̀lú ìbínú pé, "Èmi kẹ̀? Rárá o!" Ó rò pé wọ́n ń fẹ̀sùn kan òun ni.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, mo rí i tó ń làágùn, tó fẹsẹ̀ kọ́ra.

"Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Àlùwàlá mi ni mò ń tọ́jú di Màgáríbì. Nǹkan kan fẹ́ bà á jẹ́."

Ó tètè yé Ìyá jù mí lọ. "Bàbá Bùsírátù! Ìgbà wo ló ti ń wá?"

"Láti àná. Mo ń dá a padà."

"Ẹ ń dá a padà! Isó tí gbogbo Òwu ń tọrọ! Wọ́n fẹ́ tún yín là lọ́la nítorí rẹ̀!"

Bàbá lanu. "Ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Alhaji, ẹ fi í sílẹ̀!" Láwàlì kígbe. "Ṣé òkúta wọ́n l'Abẹ́òkúta ni? Ẹ ó tún fi òkúta ṣe tàyámọ́mù, àlùwàlá aláìlómi!"

Bàbá ní kí gbogbo wa kọjú sí ògiri. A kọjú sí ògiri, títí kan Láwàlì pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí Bàbá bá ń fa aṣọ yáàdì mẹ́fà ya fún oníbàárà.

"Alihamudulilahi!" Wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì sáré wá bá wa wí, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bá Ìyá jó. Dókítà gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ran lé ikùn Bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí.

"Ó ti jí," ó wí.

Ìyá bu omi síbí kan sí Bàbá lẹ́nu. Ó fi í sẹ́nu pẹ́ kó tó gbé e mì.

"Ẹ tún fún mi," ó wí.